Ìṣirò Omi: Bí Ewéko àti Ẹranko Ṣe Ń Gbé Inú Aṣálẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi àkókò yín sílẹ̀ láti wá gbọ́rọ̀, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ dá lórí bí àwọn ewéko àti ẹranko ṣe ń wà láàyè nínú aṣálẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń jó ilẹ̀ tí òjò sì ń pẹ́ kó tó rọ̀. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nípa wọn ni pé wọ́n le koko, pé ara wọn gba ìyà, pé kò sí ìnira tí wọn kò lè fara dà. Èmi kò rò pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í bá ìnira náà jà rárá. Ńṣe ni wọ́n ń yẹra fún un, tí wọ́n ń ṣọ́ omi ná, tí wọ́n sì mọ àkókò tó yẹ kí wọ́n jáde àti èyí tó yẹ kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ìṣirò tó ṣe wẹ́kú ló ń gbé wọn ró, ìṣirò náà kò sì fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún àṣìṣe.

Kì í ṣe iyanrìn ló ń sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀, kì í sì í ṣe ooru. Àìtó omi ni. Ibi tí òjò ọdún kan kò bá ti pé 250 mìlímítà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sábà máa ń kà sí aṣálẹ̀, ìdí sì nìyí tí ilẹ̀ Antarctica, tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, fi jẹ́ aṣálẹ̀ tó tóbi jù lọ láyé. Ní ìlú Arica, létí aṣálẹ̀ Atacama lórílẹ̀-èdè Chile, òjò ọdún kan kò pé mìlímítà 1 tí a bá fi ọ̀pọ̀ ọdún pín in dọ́gba. Àwọn aṣálẹ̀ olóoru ni mo máa dúró lé lórí lónìí, nítorí níbẹ̀ ni ìyà méjì ti pàdé. Ara tó bá fẹ́ tutù nínú ooru gbọ́dọ̀ ná omi, yálà nípa òógùn tàbí nípa mímí hẹlẹhẹlẹ. Ara tó bá sì fẹ́ fi omi pa mọ́ gbọ́dọ̀ gbà kí ooru mú òun. Ẹ̀dá kan kò lè ṣe méjèèjì pọ̀ dé òpin, kò sì sí ẹ̀dá kankan nínú aṣálẹ̀ tí ìgbésí ayé rẹ̀ kò dá lórí ọ̀nà tó gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ràkúnmí bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni a mọ̀ jù, òun náà sì ni àṣìsọ pọ̀ jù lé lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé omi ló wà nínú iké ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rá ni. Àwọn kan tún sọ pé ọ̀rá náà ló ń yí padà di omi nígbà tí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé ara máa ń rí omi díẹ̀ láti inú ọ̀rá tó bá lò, ṣùgbọ́n kí ara tó lè lo ọ̀rá ó gbọ́dọ̀ mí, èémí tó ń jáde sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń gbé omi lọ, débi pé kò sí èrè omi kan gbòógì níbẹ̀. Oúnjẹ ni iké wà fún. Bí ọ̀rá náà sì ṣe kó jọ sójú kan lẹ́yìn ràkúnmí, kò fi bẹ́ẹ̀ bo ìyókù ara rẹ̀, ooru inú ara sì ń rí ọ̀nà jáde.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Knut Schmidt-Nielsen, onímọ̀ nípa bí ara ẹranko ṣe ń ṣiṣẹ́, lọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí Béni Abbès, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà lórílẹ̀-èdè Algeria, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ooru ara ràkúnmí, omi tó ń wọlé sí i lára àti èyí tó ń jáde. Wọ́n rí i pé ràkúnmí tí kò rí omi mu kì í tètè làágùn. Ó máa ń jẹ́ kí ara òun tutù dé nǹkan bíi 34 dígírì Celsius lóru, lẹ́yìn náà yóò jẹ́ kí oòrùn mú un gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lé ní 40 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn gidi. Fún ènìyàn, ara tó gbóná dé ibẹ̀ jẹ́ àìsàn tó lè ṣekú pani. Fún ràkúnmí tó wúwo tó 500 kìlógíráàmù, ooru tó gbà sínú ara lọ́sàn-án yìí fi omi tó tó nǹkan bíi lítà 5 pa mọ́ fún un, nítorí pé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, afẹ́fẹ́ tútù ni yóò gba ooru náà lọ láìjẹ́ pé ó ná omi kankan. Ẹ kíyè sí i pé ràkúnmí tó ń rí omi mu dáadáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru ara tirẹ̀ kì í fi ju nǹkan bíi dígírì 2 lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ kan. Ìgbà tí omi bá wọ́n ni ràkúnmí ń yí ìṣirò rẹ̀ padà, èyí ló sì jẹ́ kí n máa sọ pé ọgbọ́n ìnáwó ló ní, kì í ṣe agbára lásán.

Wọ́n tún fá irun ara ràkúnmí kan láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, omi tí ẹranko náà ń pàdánù sì fi nǹkan bí ìdá 50 nínú 100 pọ̀ ju ti àwọn tó wọ irun wọn lọ. Irun tó nípọn nínú ooru lè dà bí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tí kò rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó ń dènà kí ooru inú ara jáde náà ló ń dènà kí ooru ìta wọlé, nígbà tí ìta bá sì gbóná ju inú lọ, ìbora di ààbò.

Ọ̀rọ̀ ràkúnmí kò tíì tán. Ènìyàn tó bá pàdánù omi tó tó nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀ nínú ooru ti ń kú lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ki, ọkàn kò lè tì í mọ́, ooru tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé wá sí awọ ara sì há sínú. Ràkúnmí lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ kó sì máa rìn, nítorí pé inú àwọn ẹ̀yà ara yòókù ni ọ̀pọ̀ omi náà ti ń jáde, tí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Nígbà tó bá wá dé ibi omi, ó lè mu ju lítà 100 lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tó pọ̀ tó báyẹn, tó ya wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà, yóò mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹranko wú kó sì bẹ́. Ti ràkúnmí kò rí róbótó bíi tiwa. Ó gùn bí ẹyin, ó sì lè wú ju ìlọ́po méjì lọ láìbẹ́.

Ẹranko ńlá ni ràkúnmí, ìtóbi rẹ̀ sì wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́, nítorí ohun tó bá tóbi kì í tètè gbóná. Eku kékeré kò lè ṣe irú èyí. Bó bá jókòó sínú oòrùn, yóò jinná. Nítorí náà ọ̀nà mìíràn ni eku kangaroo, tó ń gbé inú àwọn aṣálẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà, gbà. Ó ń sùn nínú ihò lọ́sàn-án, níbi tí ilẹ̀ ti tutù tí èémí òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ afẹ́fẹ́ di ọ̀rinrin, ó sì ń jáde lóru láti ṣa kóró ewéko jẹ. Ó lè gbé gbogbo ayé rẹ̀ láìmu omi rárá. Omi tí ara rẹ̀ ń rí nígbà tó bá ń lo oúnjẹ gbígbẹ yẹn, èyí tó ju gíráàmù 1 lọ láti inú gíráàmù ọ̀rá kan, tó sì tó ìdajì gíráàmù láti inú gíráàmù ìyẹ̀fun kan, tó o, nítorí pé kì í jẹ́ kó ṣòfò: kì í làágùn, imú rẹ̀ tó tutù ń gba ọ̀rinrin padà lára èémí tó ń jáde, kíndìnrín rẹ̀ sì ń fún ìtọ̀ mọ́ra débi pé ó ki tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ìtọ̀ ènìyàn tó ki jù lọ.

Ewéko ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà nira fún jù. Ẹranko lè sá wọ ihò. Igi kò lè kúrò níbi tí wọ́n gbé hù ú. Yàtọ̀ sí èyí, ewéko gbọ́dọ̀ ṣí àwọn ojú ihò tín-ín-tìn-tín tó wà lára rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó fi ń ṣe oúnjẹ lè wọlé, ojú ihò kan náà ni omi sì ń gbà jáde. Bó bá ṣí i lọ́sàn-án, omi á tán. Bó bá tì í, ebi á pa á. Ohun tí kátọ́ọ̀sì àti ọ̀pọ̀ ewéko mìíràn tó ń tọ́jú omi sínú ara ṣe sí èyí wú mi lórí púpọ̀. Òru ni wọ́n ń ṣí ojú ihò wọn, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ fa omi. Afẹ́fẹ́ tó wọlé lóru ni wọ́n yí padà sí ohun kíkan tí wọ́n tọ́jú sínú ara títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí oòrùn bá yọ, wọ́n á ti gbogbo ojú ihò pa, wọ́n á sì máa tú ohun tí wọ́n tọ́jú náà jáde díẹ̀díẹ̀ láti fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣe oúnjẹ. Owó tí wọ́n san fún ọgbọ́n yìí ni pé wọn kì í tètè dàgbà.

Ẹ wo saguaro, kátọ́ọ̀sì ńlá inú aṣálẹ̀ Sonora, ní ààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Èyí tó ti dàgbà lè ga ju mítà 12 lọ, ó sì lè lo ju 150 ọdún láyé. Ara rẹ̀ ní ìṣẹ́po láti òkè délẹ̀, tí ìṣẹ́po náà máa ń ṣí nígbà tó bá fa omi mu, tó sì máa ń pa dé nígbà tí ọ̀dá bá dé, kí awọ rẹ̀ má baà ya. Ọ̀pọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀ jìn rárá. Abẹ́ ilẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni wọ́n tàn sí, wọ́n sì lè nà jáde lọ́nà gbogbo tó bí igi náà ṣe ga tó, kí òjò díẹ̀ tó kàn rin ojú ilẹ̀ lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kó tó gbẹ. Òdìkejì rẹ̀ ni igi mesquite tó ń gbé aṣálẹ̀ kan náà: wọ́n ti rí gbòǹgbò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ tó ju mítà 50 lọ níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, nínú ilẹ̀ tó sún mọ́ Tucson ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ọ̀kan ń gba omi òjò, èkejì ń wá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, wọ́n sì jọ ń gbé pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ saguaro ló yẹ kí ẹ rí. Lẹ́yìn ọdún 8, gíga rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ wò ó kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Oòrùn tí àgbà rẹ̀ ń dúró sí lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà abẹ́ igi mìíràn, irú mesquite yẹn tàbí paloverde, ni èyí tó bá máa yè sábà máa ń hù sí, níbi tí òjìji ti bò ó lọ́sàn-án tí ẹ̀ka igi sì ń dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ òtútù òru. Ó lè tó 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọ apá àkọ́kọ́.

Àwọn mìíràn kò dúró de òjò. Aṣálẹ̀ Namib wà létí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kùrukùru máa ń ti orí òkun wọ inú ilẹ̀. Kòkòrò dúdú kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Onymacris unguicularis, tó máa ń gun òkè iyanrìn ní ìdájí nígbà tí kùrukùru bá ń bọ̀, tí yóò kọjú sí afẹ́fẹ́, tí yóò sì dorí kodò títí omi yóò fi gbá jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí yóò ṣàn wá sí ẹnu rẹ̀. William Hamilton àti Mary Seely kọ nípa rẹ̀ ní 1976. Èyí tó bá rí i mu jù lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta wúwo sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nínú aṣálẹ̀ kan náà ni ewéko Welwitschia ń gbé, tí kì í ní ju ewé méjì lọ láti ìgbà tó bá ti dàgbà díẹ̀ títí tó fi máa kú, àwọn kan nínú wọn sì ti lé ní 1,000 ọdún.

Ẹyẹ sandgrouse náà kò ṣeé fò kọjá. Inú ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí omi ló ń pa ọmọ rẹ̀ sí, wọn kò sì tíì lè fò. Akọ ni yóò fò lọ sí ibi omi, yóò rẹ ìyẹ́ ikùn rẹ̀ sínú omi, yóò sì fò padà kí àwọn ọmọ lè fi ẹnu fa omi náà mu láti inú ìyẹ́. Edmund Meade-Waldo sọ èyí ní 1896, ọ̀pọ̀ kò sì gbà á gbọ́, àfi ìgbà tí Tom Cade àti Gordon Maclean yẹ ìyẹ́ náà wò ní 1967 tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, pé fọ́nrán ìyẹ́ ikùn akọ ló ká lọ́nà tó ń di omi mú.

Mo sọ̀rọ̀ àkókò níbẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí n fi hàn yín bó ṣe rí. Nínú Sàhárà ni èèrà kan wà tí irun ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti sá pa mọ́ ní ọ̀sán gangan, tí àwọn alángbá tó ń pa á jẹ pàápàá ti wọ ihò, ìgbà yẹn gan-an ni òun ń jáde láti ṣa òkú kòkòrò tí oòrùn pa. Bí ara rẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 53 dígírì Celsius, ó kú nìyẹn. Iyanrìn tó ń rìn lé lórí sì lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, sí ibi tí ooru ti dín. Irun ara rẹ̀ ní igun mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí 2015 ṣe fi hàn, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, ó sì ń ran ooru ara lọ́wọ́ láti jáde. Nígbà tí ooru bá fẹ́ borí rẹ̀, yóò sáré gun pòròpórò gbígbẹ kan, yóò dúró kí ara rẹ̀ tutù díẹ̀, yóò sì tún sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú lọ.

Èèrà tó wà nínú irú ewu yìí kò ní àyè láti máa wá ihò rẹ̀ kiri. Ìbátan rẹ̀ kan, Cataglyphis fortis, máa ń rìn kọ́lọkọ̀lọ jáde, ṣùgbọ́n ọ̀nà tààrà ló ń gbà padà sílé. Ó ń wo ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run láti mọ apá ibi tí ilé wà. Báwo ló ṣe ń mọ bí ilé ṣe jìnnà tó? Ní 2006, Matthias Wittlinger, Rüdiger Wehner àti Harald Wolf tẹ̀ jáde ohun tí wọ́n ṣe ní Tùnísíà: nígbà tí èèrà bá ti rìn dé ibi oúnjẹ, wọ́n lẹ irun ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn kan kí ẹsẹ̀ wọn lè gùn sí i, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ àwọn mìíràn kúrú. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gùn kọjá ilé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kúrú dúró kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Iye ìṣísẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń mọ bí ilé ṣe jìnnà tó.

Ní òdìkejì, àwọn kan wà tí àkókò tiwọn jẹ́ dídúró. Ọ̀pọ̀lọ́ Couch, ti aṣálẹ̀ Sonora, máa ń wà nínú ilẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ó ń tọ́jú yúríà, èròjà kan tó máa ń bá ìtọ̀ jáde, sínú ara kí omi má baà kúrò lára rẹ̀ sínú ilẹ̀. Bí ìró òjò ńlá bá mi ilẹ̀, yóò jáde lóru ọjọ́ náà, yóò gùn, yóò yé ẹyin sínú adágún tí òjò dá sílẹ̀, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ yọ ẹsẹ̀ kí omi náà tó gbẹ. Àwọn kan ń ṣe èyí láàárín ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Àwọn òdòdó ọlọ́dún kan náà ń dúró bẹ́ẹ̀, nínú kóró. Èèpo ọ̀pọ̀ kóró wọn ní ohun tó ń dí híhù lọ́wọ́, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Kódà nígbà tí òjò gidi bá rọ̀, gbogbo wọn kì í hù. Àwọn kan á ṣì wà nínú ilẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, bí àgbẹ̀ tí kì í gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ lójú òjò kan ṣoṣo. Dan Cohen fi ìṣirò ṣàlàyé ní 1966 pé níbi tí òjò kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, irú ewéko bẹ́ẹ̀ ló máa pẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ni mo fẹ́ parí sí. Gbogbo ìṣirò tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí wé mọ́ bí nǹkan ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún: ìwọ̀n ooru kan, ìwọ̀n òjò kan, ìjìnnà kan sí omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Joseph Grinnell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rìn káàkiri aṣálẹ̀ Mojave ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n sì kọ gbogbo ẹyẹ àti ẹranko tí wọ́n rí sílẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí padà sí ojú ibẹ̀ ní àkókò tiwa. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé, ní ìpíndọ́gba, ojú ibì kọ̀ọ̀kan ti pàdánù ìdá 43 nínú 100 irú ẹyẹ tó ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àwọn ẹranko kéékèèké tó ń fi ọ̀sán sùn nínú ihò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2021, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ilẹ̀ kan náà ni, ooru kan náà ni. Ẹyẹ ló gbọ́dọ̀ máa ná omi láti tu ara rẹ̀ lára lójú oòrùn, tí ooru bá sì fi díẹ̀ pọ̀ sí i, omi tó ń rí láti inú oúnjẹ rẹ̀ kò ní tó mọ́. Àwọn tí dídínkù wọn hàn jù lọ ni àwọn ẹyẹ tí ìtutù ara ń ná ní omi púpọ̀ jù.

Ti ewéko kì í tètè hàn, èyí ló sì ń kọ mí lóminú jù. Saguaro tó ti dàgbà lè fara da ọ̀dá fún ọdún púpọ̀ lórí omi tó ti fi pa mọ́, ẹni tó bá sì wo òkè tí wọ́n kún yóò rò pé kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Ní ọgbà Saguaro National Park ní Arizona, wọ́n máa ń ka àwọn kátọ́ọ̀sì yìí ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ohun tí kíkà náà sì ń fi hàn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí ọ̀dá ti gbilẹ̀ níbẹ̀, ọmọ saguaro tó ń hù tó sì ń yè ti ṣọ̀wọ́n gan-an ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ọgbà náà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bá jáde lọ ka kátọ́ọ̀sì, iṣẹ́ tó ń gba àkókò wọn jù kọ́ ni ti àwọn ńlá tí èèyàn ń rí láti òkèèrè; àwọn tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni, tí wọ́n ń yẹ abẹ́ mesquite àti paloverde wò fún, lọ́kọ̀ọ̀kan.